Bí A Ṣe Ń Ṣètò Kilọ́ọ̀ṣì Friction fún Wínṣì àti Ẹ̀rọ Tó Ń Gbé Ẹrù Sókè

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ eyí tó ṣe pàtàkì jù kí n tó mú nọ́mbà kankan jáde. Kilọ́ọ̀ṣì ló ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sára dúrọ́ọ̀mù (àgbá tí wáyà ń wé mọ́), ti friction sì ń fi ojú méjì tó fún mọ́ra ṣe é; búréèkì ló ń di ẹrù mú. Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá, ẹ má fún ẹnì kan ní iṣẹ́ ẹnì kejì. Tẹ́ ẹ bá ń ṣètò kilọ́ọ̀ṣì fún ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù, ẹ ṣe é bí ẹni tó mọ̀ dájú pé lọ́jọ́ kan ṣá, kilọ́ọ̀ṣì yẹn á yọ̀ nígbà tí ẹrù ṣì wà lókè. Ìdí nìyẹn tí búréèkì fi gbọ́dọ̀ wà lára dúrọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀, lápá ibi tí ẹrù wà. Tó bá jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì lẹ gbé búréèkì sí, tí kilọ́ọ̀ṣì wá já, kò sí nǹkan kan mọ́ láàárín ẹrù àti ilẹ̀, tàbí láàárín ẹrù àti ẹni tó dúró sísàlẹ̀.

Ó dáa. Ẹ gbé ìwé àti kakulétọ̀ wá, ká jọ ṣe ìṣirò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ìdí ẹrù ni ká ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wo agbára mọ́tò tó wà nílẹ̀, wọ́n á wá lọ wá kilọ́ọ̀ṣì tó bá a mu. Mi ò fara mọ́ ọn. Ibi ìkọ́ tí ẹrù so mọ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká wá máa bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi kan ẹ́ńjìnnì.

Ká ní ẹrù tó wúwo jù tí ẹ̀rọ yìí máa gbé jẹ́ 1,000 kg. Kí gbogbo nǹkan wà nínú 1,000 yẹn o: ẹ ka ìkọ́, ẹ ka ṣéènì tàbí bẹ́líìtì tẹ́ ẹ fi so ẹrù, ẹ ka garawa tàbí àgò tí ẹrù wà nínú ẹ̀, tó bá sì jẹ́ ihò jíjìn lẹ ti ń fa nǹkan jáde, ẹ ka ìwúwo wáyà tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ náà, torí nínú ihò ìwakùsà tó jìn dáadáa, wáyà nìkan lè wúwo bíi apá kan tó nípọn nínú ẹrù. 1,000 kg lọ́nà 9.81 jẹ́ 9,810 Newton. Ìyẹn ni wáyà ń fà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo dúrọ́ọ̀mù. Ká ní ìbú ẹ̀ (láti etí kan dé etí kejì, gba àárín kọjá) jẹ́ 300 mm, wáyà wa sì nípọn tó 12 mm. Tí wáyà bá wé ìpele kìíní, àárín wáyà fi 156 mm jìnnà sí àárín ṣáàfùtì. Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń dúró nìyí, àṣìṣe sì ni, torí bí wáyà bá ṣe ń wé lé ara ẹ̀ ni ọ̀nà yẹn ń gùn sí i. Tó bá dé ìpele kẹta, ó ti di nǹkan bíi 180 mm. Ẹrù kan náà ni o, mọ́tò kan náà, àmọ́ agbára ìyípo tí dúrọ́ọ̀mù ń bèèrè ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ẹrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dókè pátápátá nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, níbi tó ti léwu jù kó yọ̀. Torí náà ìpele tó kẹ́yìn ni ká fi ṣe ìṣirò:

9,810 × 0.18 = 1,766 Newton-mítà lára dúrọ́ọ̀mù.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ibo lẹ fẹ́ gbé kilọ́ọ̀ṣì sí?

Ẹ lè gbé e sára ṣáàfùtì tó ń sáré, ìyẹn láàárín mọ́tò àti gíà, ẹ sì lè gbé e sára dúrọ́ọ̀mù níbi tí gbogbo nǹkan ti ń rọra yí.

Ká ní gíà wa dín ìsáré kù lọ́nà 40, ká sì ní gíà ń jẹ ìdá mẹ́wàá nínú agbára tó ń gba inú ẹ̀ kọjá. Tí kilọ́ọ̀ṣì bá wà lápá mọ́tò, ohun tí ẹrù ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ni 1,766 ÷ 40 ÷ 0.9, tó jẹ́ nǹkan bíi 49 Newton-mítà. Mọ́tò 7.5 kW tó ń yí nígbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan ló ń fúnni ní nǹkan bíi 50, wọ́n bára mu. Wáyà á máa gòkè pẹ̀lú ìsáré bíi 0.68 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wo ìyàtọ̀ 49 sí 1,766. Kilọ́ọ̀ṣì apá mọ́tò máa kéré, á fúyẹ́, owó ẹ̀ ò ní pọ̀. Àmọ́ gíà wà láàárín ẹ̀ àti ẹrù, tí eyín gíà bá já, kilọ́ọ̀ṣì tó dì mú gbagidi ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, búréèkì ara dúrọ́ọ̀mù nìkan ló kù. Kilọ́ọ̀ṣì ara dúrọ́ọ̀mù ní tiẹ̀ máa tóbi gan-an, ṣùgbọ́n ẹ lè tú dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ kó máa yí fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé gíà ń bá a yí, ohun tí ẹ̀rọ tó ní dúrọ́ọ̀mù méjì lórí ṣáàfùtì kan sì nílò gan-an nìyẹn. Bí mọ́tò kan bá ń fa dúrọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, èmi á gbé e sápá mọ́tò. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ju ẹyọ kan lọ, ara dúrọ́ọ̀mù ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àlékún, kò gbọdọ̀ kéré, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù

49 yẹn ni ohun tí ẹrù ń bèèrè nígbà tó ti ń lọ geere. Kó tó máa lọ geere, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbéra, wáyà tó dẹ̀ lè ṣàdédé le, láínìn (ohun tó ń họ ara mọ́ irin kó lè dì í mú) lè mọ́ lónìí kó tutù lọ́la. Torí náà a máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì. Ẹ jẹ́ ká mú méjì, ká kúkú pè é ní 100 Newton-mítà.

Ẹnì kan lè ní kí ló dé tá ò sọ ọ́ di mẹ́rin kọ́kàn wa balẹ̀? Torí pé tí ẹrù bá lọ há sábẹ́ nǹkan lókè, ó yẹ kí kilọ́ọ̀ṣì yọ̀ kí wáyà tó já tàbí kí eyín gíà tó fọ́. Kilọ́ọ̀ṣì tó lágbára ju gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀ lọ ti di irin lásán tó so nǹkan méjì pọ̀. Ẹ ò sì gbọdọ̀ torí ìyẹn sọ pé kilọ́ọ̀ṣì ti wá di ohun tó ń dènà ẹrù àpọ̀jù o, ohun tó ń gé iná tí ẹrù bá pọ̀ jù gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Díìsìkì, ìṣirò ẹ̀ rèé

Fún apá mọ́tò, díìsìkì kan tó ní láínìn lójú méjèèjì ni màá mú. Ìṣirò ẹ̀ ò le:

Agbára ìyípo = iye ojú × nọ́mbà ìdìmú × agbára tó tẹ̀ ẹ́ × rádíọ́ọ̀sì àárín

Nọ́mbà ìdìmú, ìyẹn bí láínìn ṣe ń di irin mú tó, ni gbogbo ẹjọ́ wà. Láínìn gbígbẹ tí wọ́n fi mọ́ọ̀dù ṣe lórí cast iron tàbí irin máa ń wà láàárín 0.25 sí 0.45. Ẹni tó ń ta láínìn lè kọ 0.4 sára páálí. Ẹ má fi 0.4 ṣe ìṣirò! Iye yẹn wà fún láínìn tó mọ́, tó ti jókòó dáadáa, tí ò gbóná jù. Ẹ lo 0.25, kó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí nǹkan ò dáa náà, ẹrù ṣì máa gòkè.

Ká mú díìsìkì tí láínìn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 70 mm sí àárín títí dé 110 mm létí. Rádíọ́ọ̀sì àárín jẹ́ 90 mm. Ẹ wò ó:

100 ÷ (2 × 0.25 × 0.09) = 2,222 Newton.

Ìyẹn ni agbára tí sípíríìngì tàbí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fi tẹ díìsìkì. Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá láínìn lè gbà á. Tí láínìn bá ti jẹ díẹ̀, etí inú ló máa ń gba ìtẹ̀ jù, ìṣirò ẹ̀ sì ni 2,222 ÷ (2 × 3.142 × 0.07 × 0.04), tó jẹ́ nǹkan bíi 0.126 MPa (MPa kan jẹ́ mílíọ̀nù kan Newton lórí mítà kan níbùú lóròó). Ó dáa gan-an. Láínìn mọ́ọ̀dù lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá 0.25 tàbí 0.3.

Ẹ kíyè sí bí mo ṣe yan 70 àti 110. Ẹlòmíì á ní ká jẹ́ kí láínìn gùn wọ inú dé ẹ̀bá ṣáàfùtì kó lè tóbi. Kò wúlò, torí láínìn tó wà nítòsí àárín ò ní apá tó gùn tó láti yí nǹkan, ó kàn ń jẹ ìtẹ̀ àti ooru lásán ni. Kí etí inú wà láàárín ìdá 0.6 sí 0.7 etí òde ló dáa jù lójú tèmi, ti wa jẹ́ 0.64.

Kilọ́ọ̀ṣì tí ojú ẹ̀ dagun bí àrọ, tí wọ́n ń pè ní kóònù, máa ń sọ agbára kékeré di ńlá: tí igun ẹ̀ bá jẹ́ dígírì 12.5, agbára ìtẹ̀ á lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀. Ṣùgbọ́n tí igun bá kéré ju nǹkan bíi dígírì 8 lọ, á há, ẹ á máa fi òòlù gbá a kó tó jáde. Mi ò fẹ́ nǹkan tó ń há nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Tó bá jẹ́ ara dúrọ́ọ̀mù, ẹ wo bẹ́líìtì irin, ẹ sì wo ọ̀nà tó ń yí sí

Lára dúrọ́ọ̀mù, ohun tá a nílò ni 1,766 lọ́nà méjì, ìyẹn 3,532 Newton-mítà. Díìsìkì tó máa gba ìyẹn máa tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ etí dúrọ́ọ̀mù ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ká ní ìbú ẹ̀ jẹ́ 600 mm, a lè wé bẹ́líìtì irin tó ní láínìn nínú yí i ká, ká wá fà á mọ́ra.

Ìṣirò tí Leonhard Euler àti Eytelwein, àwọn onímọ̀ àtijọ́, fi sílẹ̀ nípa okùn tó wé mọ́ òpó la máa lò. Tí bẹ́líìtì bá wé dígírì 270, tí nọ́mbà ìdìmú sì jẹ́ 0.25, apá tó le máa fi ìlọ́po 3.25 le ju apá tó dẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ láàárín apá méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 3,532 ÷ 0.3, ìyẹn 11,773 Newton. Torí náà apá tó dẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 5,240, apá tó le sì jẹ́ nǹkan bíi 17,010. Apá tó dẹ̀ yẹn ni lífà yín (ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń mú kilọ́ọ̀ṣì) máa fà. Ẹ rí i pé dúrọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ ló ń bá yín fa ìyókù.

Tí bẹ́líìtì bá fẹ̀ tó 100 mm, ìtẹ̀ lórí láínìn á tó 0.57 MPa, ó ti pọ̀ jù fún láínìn tí wọ́n hun. Ẹ sọ ọ́ di 150 mm, á wá sí 0.38.

Ibi tó yẹ kí gbogbo wa la ojú sílẹ̀ rèé. Ká ní ẹnì kan so lífà mọ́ apá òdìkejì, tàbí ẹ yí ọ̀nà tí wáyà ń gbà wé dúrọ́ọ̀mù padà láìyí bẹ́líìtì. Lífà ń fa 5,240 kan náà, àmọ́ 5,240 yẹn ti wá di apá tó le, apá kejì á wá jẹ́ 5,240 ÷ 3.25, tó jẹ́ 1,612. Ìyàtọ̀ wọn ò ju 3,628 lọ. Ẹ sọ ọ́ di agbára ìyípo, ẹ á rí nǹkan bíi 1,090 Newton-mítà, bẹ́ẹ̀ ẹrù nìkan ń bèèrè 1,766. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bẹ́líìtì kan náà, láínìn kan náà, lífà kan náà, ọwọ́ kan náà tó fà á, ẹrù á máa wálẹ̀ lójú gbogbo yín. Torí náà, ẹ fi ọ̀dà ya ọfà sára etí dúrọ́ọ̀mù, kó hàn gbangba, kí ẹni tó bá máa tún wáyà wé lọ́jọ́ iwájú lè mọ ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ wé e sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ooru

Tí wọ́n bá ní kí n mú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn máa ń fò, eyí ni màá mú. Wọ́n á ṣírò agbára ìyípo dáadáa, wọn ò ní bèèrè ibi tí ooru ń lọ.

Gbogbo ìgbà tí kilọ́ọ̀ṣì bá ń gbá mú, apá kan ń sáré, apá kejì dúró, wọ́n á fi ara họ ara títí ìsáré wọn á fi dọ́gba. Ohun tó bá ti họ ara ẹ̀ máa gbóná. Ká ní gbogbo ohun tí kilọ́ọ̀ṣì fẹ́ gbé kúrò lójú kan (gíà, dúrọ́ọ̀mù, ẹrù) jẹ́ 0.06 kg·m² (ìwọ̀n bó ṣe ṣòro tó láti mú nǹkan yí) tá a bá wò ó láti ara ṣáàfùtì mọ́tò. Ní 1,440 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó wọ inú wọn jẹ́ nǹkan bíi 682 Joule. Ooru tó wọ kilọ́ọ̀ṣì jẹ́ iye yẹn, lọ́nà agbára kilọ́ọ̀ṣì, tá a pín sí ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tá a yọ ti ẹrù:

682 × 100 ÷ (100 − 49) = nǹkan bíi 1,340 Joule.

Ó sì máa parí láàárín ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀. Kò burú rárá. Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó ṣe kilọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, tó jẹ́ 60 péré: 682 × 60 ÷ 11, ó di 3,720 Joule, ó sì yọ̀ fún ìgbà tó fi ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Kilọ́ọ̀ṣì tí agbára ẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ẹrù lọ máa ń sun ara ẹ̀ ni, ó lè jọ pé ó rọra ń gbẹ́rù jẹ́jẹ́, àmọ́ láínìn ló ń jìyà.

Èyí tó wá burú jù ni pé kí awakọ̀ ẹ̀rọ fi kilọ́ọ̀ṣì di ẹrù mú lójú òfuurufú, kó máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ kí ẹrù má gòkè kó má sì wálẹ̀, bóyá ó ń dúró de ẹni tó fẹ́ gbà á lókè. Ẹ ṣírò ẹ̀: 49 Newton-mítà, ṣáàfùtì ń yí pẹ̀lú 151 rádíánì ní ìṣẹ́jú àáyá kan (1,440 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan náà ni), ìyẹn 7,400 Joule ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Gbogbo agbára mọ́tò ló ń di ooru láàárín láínìn! Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ti ju ooru ìgbéra márùn-ún tó dáa lọ. Tí irin tó ń gba ooru yẹn bá wúwo tó 5 kg, tí cast iron sì ń gba nǹkan bíi 500 Joule fún kílò kan kó tó fi dígírì kan gbóná sí i, ìṣẹ́jú kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi dígírì 180 kún un, ìyẹn tá a bá tiẹ̀ ní ooru náà tàn kárí. Kì í tàn kárí lójú ẹsẹ̀. Ojú ibi tó ń họ ara yẹn máa gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ̀pọ̀ láínìn mọ́ọ̀dù sì ti ń pàdánù ìdìmú wọn tí wọ́n bá kọjá nǹkan bíi dígírì 200 sí 260. Bó bá sì ti ń pàdánù ìdìmú, ó ń yọ̀ sí i, bó bá ṣe ń yọ̀ ló ń gbóná sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n máa fi kilọ́ọ̀ṣì sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹrù 1,000 kg tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè 20 mítà gbé nǹkan bíi 196,000 Joule wá, ibi kan ló sì máa já sí. Ẹ fi mọ́tò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi búréèkì tí wọ́n ṣe fún ooru. Kì í ṣe iṣẹ́ kilọ́ọ̀ṣì.

Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń yàwòrán ẹ̀, ẹ jẹ́ kí irin tó ń tẹ díìsìkì nípọn, ẹ ṣí ojú ìta ẹ̀ sí afẹ́fẹ́, ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé jáde. Tí irin bá tín-ín-rín jù, á tẹ̀ bí àwo, etí nìkan láá máa kan láínìn, ẹ á wá rí ibi dúdú àti ìlà wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tú u. Tí ìgbéra bá pọ̀ gan-an láàárín wákàtí kan, ẹ wo kilọ́ọ̀ṣì onídíìsìkì púpọ̀ tó wà nínú ọ́ìlì. Nọ́mbà ìdìmú ẹ̀ kéré, nǹkan bíi 0.1, ẹ máa nílò díìsìkì tó pọ̀, àmọ́ ọ́ìlì á máa gbé ooru lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Láínìn àti sípíríìngì

Ẹ má lo láínìn àtijọ́ tó ní asbestos. Eruku ẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fòfin dè é. Tẹ́ ẹ bá sì ń tú ẹ̀rọ àtijọ́ tẹ́ ò mọ ohun tó wà nínú láínìn ẹ̀, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku yẹn dànù, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kẹ́ ẹ sì bo imú yín dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá fi rífẹ́ẹ̀tì kan láínìn mọ́lẹ̀, orí rífẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wọnú dáadáa. Iye tí láínìn lè jẹ kó tó kan orí rífẹ́ẹ̀tì yẹn ni ọjọ́ orí kilọ́ọ̀ṣì yín, kì í ṣe gbogbo bí láínìn ṣe nípọn.

Ọ̀rọ̀ sípíríìngì wá. A nílò 2,222 Newton, ká pín in sórí sípíríìngì mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbé nǹkan bíi 370. Ẹ lè ra èyí tó le gan-an, tẹ́ ẹ máa fún mọ́lẹ̀ pẹ̀lú 10 mm péré kó tó fún yín ní 370 yẹn, ẹ sì lè ra èyí tó rọ̀ tó sì gùn tẹ́ ẹ máa fún mọ́lẹ̀ pẹ̀lú 40 mm. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé wọn sí i, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n tí láínìn bá ti jẹ 2 mm, èyí tó le ti pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún agbára ẹ̀, kilọ́ọ̀ṣì ti bọ́ sí 80 Newton-mítà, èyí tó rọ̀ ṣì wà ní 95. Ẹ ra èyí tó rọ̀, kódà bí ẹ bá máa wá àyè sí i. Kilọ́ọ̀ṣì tí lífà ẹ̀ máa ń kọjá ìlà àárín, tó sì máa ń jókòó síbẹ̀ fúnra ẹ̀ kó lè dì mú, tiẹ̀ tún burú jù báyìí lọ, láínìn á kàn jẹ díẹ̀ báyìí, ìdìmú ẹ̀ á ti já wálẹ̀ gan-an, torí náà ẹ fi òrùka oní-skúrúù sí i tẹ́ ẹ lè máa fi fún un padà, kó sì wà níbi tọ́wọ́ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Kí búréèkì àti kilọ́ọ̀ṣì máa gbọ́ ara wọn yé

Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lẹ fi ń tẹ kilọ́ọ̀ṣì, ẹ bi ara yín: tí páìpù bá bẹ́ ńkọ́? Kilọ́ọ̀ṣì á já. Kó já, kò burú, tó bá ṣe pé sípíríìngì ló ń fún búréèkì mọ́lẹ̀ tó sì jẹ́ afẹ́fẹ́ kan náà ló ń gbé e sókè, torí afẹ́fẹ́ tó lọ yẹn náà ló máa jẹ́ kí búréèkì gbá mú. Èyí tẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe ni búréèkì tó nílò afẹ́fẹ́, iná tàbí ọwọ́ èèyàn kó tó lè mú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́rù, kilọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ mú kí búréèkì tó tú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, búréèkì kọ́kọ́ mú kí kilọ́ọ̀ṣì tó tú. Wọ́n á jọ mú fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà ni kó jẹ́, torí tó bá pẹ́, méjèèjì á máa sun ara wọn.

Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fa nǹkan láti inú ihò ìwakùsà ti yanjú eyí tipẹ́ lórí ẹ̀rọ wọn tó ní dúrọ́ọ̀mù méjì. Dúrọ́ọ̀mù kan wà gbọin lórí ṣáàfùtì, èkejì ní kilọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè máa fi gígùn wáyà bá ìpele inú ihò mu. Wọ́n wá so lífà pọ̀ débi pé kò ṣeé ṣe láti tú kilọ́ọ̀ṣì àyàfi tí búréèkì dúrọ́ọ̀mù yẹn bá ti mú, kò sì ṣeé ṣe láti tú búréèkì àyàfi tí kilọ́ọ̀ṣì bá ti padà mú. Irin ló ń dá awakọ̀ dúró, kì í ṣe ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ẹ ṣe irú ẹ̀ fún ti yín, bó ti wù kí wínṣì náà kéré tó. Ẹ̀rọ tí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀ lè já yí fúnra ẹ̀ báyìí ò gbọdọ̀ gbé èèyàn o, ẹrù nìkan.

Ẹ tún wo ibi tí gíríìsì bíárìn máa sá gbà tó bá gbóná. Tó bá lè dé ojú láínìn, á dé ibẹ̀. Ẹ̀kán gíríìsì díẹ̀ lè gbé nọ́mbà ìdìmú wá sísàlẹ̀ 0.1, ìyẹn ni pé 100 tá a ṣírò yẹn ti di 40, ẹrù sì ń bèèrè 49. Ẹ fi òrùka tó ń ta ọ́ìlì dànù sí ẹ̀bá bíárìn, ẹ lu ihò sísàlẹ̀ ilé kilọ́ọ̀ṣì kí ohun tó bá jò lè rí ọ̀nà jáde, ẹ sì bò ó kí òjò má wọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Kó jókòó, ká sì dán an wò

Láínìn tuntun kì í kan irin lójú gbogbo. Tẹ́ ẹ bá tú u lẹ́yìn ìgbéra díẹ̀, ẹ á rí i pé ibì kan ń dán, ibì kan ṣì dúdú bó ṣe wà. Ẹ má gbé ẹrù kíkún sí i nígbà yẹn. Ẹ máa fi ẹrù kékeré gbéra, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún gbéra, títí ibi tó ń dán á fi gba nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ojú láínìn.

Lẹ́yìn náà ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo tó gba orí apá méjèèjì kilọ́ọ̀ṣì kọjá nígbà tó ti mú. Ẹ gbé ẹrù kíkún kúrò nílẹ̀ bíi 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ dá a dúró pẹ̀lú búréèkì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìtú kilọ́ọ̀ṣì, ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ wo ìlà yẹn. Tí ìlà ò bá já, ẹ ṣe é pẹ̀lú ẹrù tó fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ju ẹrù kíkún lọ, kí ẹnikẹ́ni má wà lábẹ́ ẹ̀ tàbí lẹ́bàá wáyà.

Tí ìlà ṣọ́ọ̀kì bá ti já sí méjì, kilọ́ọ̀ṣì ti yọ̀. Ẹ má sáré lọ fún sípíríìngì mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan ojú láínìn, bóyá ọ́ìlì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wọn bí láínìn ṣe nípọn tó, ẹ wo bóyá lífà ń dé òpin ibi tó yẹ kó dé kí díìsìkì tó gba gbogbo ìtẹ̀ ẹ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dáa, ìgbà yẹn lẹ lè fún òrùka, díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún fa ìlà tuntun. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bóòtù kankan nínú gbogbo eyí, ẹrù gbọ́dọ̀ ti jókòó sílẹ̀ pátápátá, kí wáyà dẹ̀, kí búréèkì sì wà ní mímú.